Ibi Tí Páìpù Ti Yà fún Ìyá Kan

Ní nǹkan bí ọdún 2012, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìjọba ní Garki, mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Èmi ni wọ́n ní kí n fa ìlà tí páìpù gáàsì yóò gbà kọjá lápá Àbájí. Mo jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, mo gbé rúlà lé máàpù, mo fà á gbọọrọ. Bíró ni mo fi fà á.

Ọ̀gá mi, bàbá Èkìtì kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìlà tí o ò tíì fẹsẹ̀ rìn, pẹ́ńsùlù la fi ń fà á."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Igbó lásán ni, àti igi máńgòrò méjì."

"Ta ló gbin máńgòrò sínú igbó lásán? Dìde, ó yá."

Inú bí mi. A rìn títí oòrùn fi kan àtàrí, bàtà tuntun tí mo rà lọ́jà Éríà Wán sì ya. Nídìí máńgòrò náà la bá bàbá arúgbó kan. Ọ̀gá mi kí i lédè Haúsá pé, "Sànnu, Bàbá," ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dá wa lóhùn, torí ó ti ṣe lébìrà oko kòkó rí ní Oǹdó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ibí o. Ilé wa ló wó síbí. Inú yàrá rẹ̀ níbí la sin ìyá mi sí. Òun nìyẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Mo sún sẹ́yìn kíákíá. Ojú tì mí gan-an. Nílé tiwa náà, inú yàrá la sin ìyá àgbà sí. Bí ilé yẹn bá wó, kí ni máàpù máa rí níbẹ̀? Àlejò ní ojú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àlejò sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Bíró kò ṣeé pa rẹ́, torí náà mo tún máàpù náà yà látòkèdélẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà bi wá nípàdé pé kí ló dé tí ìlà náà fi yà, bàbá Èkìtì ní, "Ìyá kan ló ń sùn níbẹ̀." Wọ́n kùn, wọ́n sì buwọ́ lù ú.

Àárò ọ̀gá mi yẹn ń sọ mí. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, bí mo ṣe ń bá a gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù.

"Ọ̀nà ọlọ́dà kan wà nílùú wa," ó ní. "Orí ibojì ìyá tó bí bàbá mi ló gbà kọjá."

"Háà! Ta ló fa ìlà yẹn, sà?"

Ó ti bùútù ọkọ̀ náà pa.

"Èmi ni. Mi ò délé béèrè."