Orúkọ Tí Gìtá Ò Lè Pè

Láti kékeré ni Ọ̀ṣunwùnmí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fàtímọ̀, ti jọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú ẹkù epo ní Erunmu. Iṣẹ́ ẹkù kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí kò bá sí orin, orúnkún á kọ̀. Fàtímọ̀ ló máa ń lé e, àwọn tó kù á sì gbè é pé, “A ó tẹ̀ ẹ́, epo á yọ.” Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé, ẹkù gbẹ, Fàtímọ̀ náà sì kú.

Ọdún kẹta tí wọ́n sin ín ni Wándé, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Olódò kan tó ń ta gìtá, wá bẹ Ọ̀ṣunwùnmí pé kó kọ orin náà sínú fóònù òun. Ègbè nìkan ló kọ. Níbi tó yẹ kí Fàtímọ̀ ti lé e, ńṣe ló dákẹ́. Wándé ní kó kúkú lé e fúnra rẹ̀. Ọ̀ṣunwùnmí ní òun ò jẹ́ gba orin lẹ́nu ọ̀rẹ́ òun.

Ni Wándé bá fi gìtá oníná dí àyè náà, ó fi ìlù òyìnbó tì í lẹ́yìn, ó sọ ọ́ di orin rọ́ọ̀kì. Àwa tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ fi rẹ́rìn-ín: kí ló pa gìtá pọ̀ mọ́ ẹyìn? Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Ó di ọdún méjìlá báyìí, kò sí rédíò tí kì í lò ó. Àwọn ọmọ tí kò rí ẹkù rí ń kọ ègbè rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí gìtá yẹn bá ké, àárò Fàtímọ̀ á sọ Ọ̀ṣunwùnmí. Kò sí ohun tó wù ú ju pé kó tún gbọ́ ìpè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́dún yìí, Wándé fẹ́ ṣeré ní Akanran, ó wá mú un dání. Lójú ọ̀nà, ó bi í pé kí ni Fàtímọ̀ máa ń sọ níbi tí gìtá wà nínú orin náà.

“Kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó,” ni Ọ̀ṣunwùnmí wí. “Ẹni tó bá ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ló máa ń pè lórúkọ. Èmi ló tètè máa ń rẹ̀. Orúkọ mi ló ń pè jù.”

Wándé ní òun á pe orúkọ náà fún un lónìí.

Nígbà tí orin débẹ̀, ó dá gìtá dúró, ó la ẹnu. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. “Ìyá Mojí,” ló pè, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀ṣunwùnmí.

Gbogbo pápá gbè é. Ọ̀ṣunwùnmí gbè é pẹ̀lú wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò bínú sí ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ ilé ló ní. Ìyá Mojí, Ìyá Àgbà, Màmá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Kò tún sí ẹnì kan tó kù láyé tó lè pè é ní Ọ̀ṣunwùnmí.