Orúkọ Tó Yẹ Kó Jẹ́ Tèmi

Òórùn ẹyin díndín ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Mi ò mọ ohun tó ń jí àwọn ọmọ yòókù ládùúgbò wa ní Muṣin o. Àkùkọ lè máa jí wọn, ariwo àwọn mẹkáníìkì lè máa jí wọn. Ní tèmi, tí àlùbọ́sà bá ti kan òróró gbígbóná báyìí, ojú mi á là kedere. Màá fò dìde lórí ẹní, màá sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, màá dúró síbẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹyin náà kì í ṣe tèmi. Mo mọ̀ dáadáa pé kì í ṣe tèmi, síbẹ̀ mi ò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà tiwa, ẹ mọ̀ pé ẹyin kì í ṣe oúnjẹ ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa yà. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, kì í tiẹ̀ jẹ́ ká fọwọ́ kan ọ̀kan nínú agbọ̀n tó ń kó o sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, Màmá yìí kan náà á din ẹyin kan ṣoṣo, á gbé e sínú abọ́ funfun tó ní ìlà búlúù létí, á gbé e kọjá níwájú èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, á lọ kúnlẹ̀ síwájú Túndé, ọmọ àbúrò bàbá mi, á ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹun."

Ẹ gbà mí o! Túndé ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí mò ń sọ yìí. Ikun wà nímú ẹ̀, kò wọ ṣòkòtò. Àgbàlagbà obìnrin ń kúnlẹ̀ fún un, ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jù ú lọ, tí mo ti ń pọn omi, tí mo ti ń gbálẹ̀, "ìwọ" ni mò ń jẹ́: "Ìwọ Bídèmí, kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn jàre." Owú yẹn ń jẹ mí nínú bí ata. Ìyá mi á fà mí létí kúrò níbẹ̀, á ní, "Gbé ojú ẹ kúrò lára abọ́ ẹni ẹlẹ́ni." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn títí mo fi dàgbà.

Abídèmí ni orúkọ mi. Babátúndé ni orúkọ Túndé. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjà wà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Bàbá àgbà wa, ọkọ Màmá, ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù tó máa ń gbéra ní èbúté Àpápá. Kì í ṣe sójà, kò gbé ìbọn rí. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń wà, nídìí iná, tó ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú ààrò kí ọkọ̀ lè máa rìn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ẹ̀kùrọ́ àti kòkó ni wọ́n ń kó lọ sílùú òyìnbó, àwọn ọ̀tá sì ní ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi, tó ń lúgọ dè wọ́n. Ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ èyí tí kò bọ̀ mọ́. Lékan, bàbá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà yẹn, bàbá Túndé ṣì wà lẹ́yìn Màmá.

Akọ̀wé kan láti ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ni wọ́n rán wá sílé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ó wo Màmá, ọ̀dọ́mọbìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ọmọ mìíràn di ìró rẹ̀ mú, kò sì lè túfọ̀ fún un. Ta ló máa lè ṣe é? Wọ́n fún un lómi, ó mu ún tán, ó ní, "Ìyá Lékan, ọkọ̀ wọn ò tíì dé." Ó dìde, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ó fẹ́ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ ni, kó lè jẹ́ pé àwọn àgbà ilé ló máa sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n Màmá di "tíì" yẹn mú. Ṣebí ohun tí kò tíì dé, ó ń bọ̀ ni. Àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn jọ wà nínú ọkọ̀ náà wọ aṣọ ọ̀fọ̀, Màmá ò wọ̀ ọ́. Àwọn àna rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n bínú títí, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé ọkọ òun kú, wọ́n ní kò tíì dé ni. Ó kó lọ sí Muṣin, ó ń ta gíláàsì àti òwú àtùpà lọ́jà Ọjúwòyè, ó fi tọ́ ọmọ méjèèjì. Nínú pálọ̀ rẹ̀, àga kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Bí àlejò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí èyí, ẹni tó ni ìyẹn ò tíì dé."

Mo rántí ọkùnrin tó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, torí pé ó fún mi ní bisikíìtì. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun àti bàbá àgbà ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Ìlú òyìnbó ló ń gbé láti ìgbà ogun, kò sì pẹ́ tó darí dé tó fi pàdé Màmá lọ́jà Tejúoṣó. Ó dá a mọ̀, torí ó ti jẹun nílé rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Nígbà tó wá sílé, ó dé fìlà onírun nínú ooru Èkó, ó ń làágùn, èmi ni wọ́n ní kí n máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó ní ìdájí ni. Ó ní iṣẹ́ tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òun gòkè lọ gba atẹ́gùn, ni nǹkan bá lu ọkọ̀ náà láti abẹ́ omi, tó mì tìtì. Ó ní àwọn tó wà lókè ráyè bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ nídìí iná ò ráyè gòkè.

Màmá bi í pé, "Ẹ̀yin gan-an lẹ fojú ara yín rí i?"

Ó ní, "Ìyá Lékan, mo rí i tí ọkọ̀ náà rì. Bàbá Lékan ò jáde. Ẹ má bínú pé èmi jáde."

Màmá ò sunkún. Ó lọ gbé oúnjẹ wá fún un, ó jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìyàwó àbúrò bàbá mi bímọ ọkùnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, Màmá fúnra rẹ̀ gbé ọmọ náà sókè, ó ní, "Babátúndé. Ẹ káàbọ̀, bàbá." Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Èmi nìkan ni mi ò sunkún. Mo dúró láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, mò ń retí kí ẹnì kan yíjú sí mi, kó ní, "Ẹ dúró ná, ṣebí Bídèmí ló kọ́kọ́ dé?" Kò sẹ́ni tó wò mí o. Wọ́n gbé ọmọ jòjòló náà sórí àga yẹn, àga tí wọ́n ti lé mi kúrò lórí rẹ̀ ní àìmọye ìgbà, wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

Kì í wá ṣe pé wọ́n fún èmi lórúkọ tó dáa rọ́pò. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lájò ló ń jẹ́ Abídèmí. Bàbá tèmi ń kọ́? Bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ní Ìdí-Orò, tí kò kọjá Ìbàdàn rí, tó ń wọlé lójoojúmọ́ tòun ti ìyẹ̀fun lórí! Nílé ìwé, tíṣà wa ní kí kálukú dìde sọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ó kàn mí. Tíṣà ní, "Abídèmí, ibo ni bàbá ẹ lọ nígbà tí wọ́n bí ẹ?" Mo ní, "Kò lọ síbì kankan, sà." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dópin ọdún. Nígbà tí Túndé bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tíṣà kan náà rí i, ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé báàgì mi kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, mo gbóyà. Màmá ń din ẹyin lọ́wọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Màmá, ṣebí èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Kí ló dé tí ẹ ò fún mi ní orúkọ bàbá?" Ó ń wò mí débi pé ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, mo sì ń gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹyin lo fẹ́, kì í ṣe orúkọ." Gbogbo àwọn tó wà lágbàlá rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹyin tó jóná náà lọ fún Túndé. Èyí tó jóná pàápàá ò kàn mí.

Ohun tó wá mú mi bínú jù ni pé, lẹ́yìn ẹyin, Màmá máa ń mú Túndé wọ yàrá, á fa aṣọ ẹnu ọ̀nà bò. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹran ló tún ń fún un níbẹ̀. Ni mo bá lọ sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ náà. Kò sí ẹran. Màmá jókòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ Túndé méjèèjì mú, ó ń bá a jà. Ó ń bá a jà gan-an. "Kí ló dé tí ẹ ò gòkè wá? Ẹ ò gbọ́ pé nǹkan lu ọkọ̀ ni? Mo ní kí ẹ má lọ lọ́tẹ̀ yìí, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Òróró ẹyin ṣì wà létè Túndé. Ó mi orí, ó ní, "Mo gbọ́, Màmá. Ẹ má bínú." Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ó ti mọ ìdáhùn náà sórí. Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Àánú ò ṣe mí rárá, mo jowú ìbáwí náà pàápàá. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tí mo fẹ́ gbéyàwó ni ìyá mi tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ tèmi fún mi. Ó ní àwọn àgbà ẹbí ti mú Babátúndé wá látilé, pé ọmọ ọkùnrin àkọ́kọ́ nìyí, kò tún sí ohun tó yẹ ká sọ ọ́. Ó ní Màmá pariwo mọ́ wọn. "Ta ló kú? Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà lẹ fẹ́ sọ pé ó ti padà wá nínú ọmọ?" Ó gbà mí lọ́wọ́ wọn, ó ní Abídèmí ni mò ń jẹ́, kí bàbá tó wà lókun lè bá mi nílé. Kì í ṣe bàbá tó bí mi ni wọ́n bí mi dè. Ẹ mọ ohun tí mo fi dá ìyá mi lóhùn? Mo ní, "Ẹ̀hẹ́n! Mo mọ̀! Wọ́n ti mú orúkọ yẹn wá fún mi tẹ́lẹ̀!" Ìyá mi kàn ń wò mí.

Ilé mi ní Yaba ni Màmá lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ sí. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Túndé wá láti Sùúrùlérè, ó gbé ọsàn àti búrẹ́dì dání, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi rè é, ọkọ yín." Màmá wò ó, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Jókòó." Ó ní "o." Mo gbọ́ ọ, Túndé náà gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Bídèmí, lọ wo ìta. Ṣé ọkọ̀ wọn ti dé?"

Mo lọ. Mo dúró lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀, mò ń wá ohun tí màá sọ. Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Màmá, ọkọ̀ wọn ò tíì dé."

Ó mi orí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Kò burú. A ó jọ máa dúró dè wọ́n." Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló dákẹ́.

Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo lè ra ẹyin odindi páálí tó bá wù mí, dókítà ló kù tó ní kí n rọra jẹ ẹ́. Sátidé tó kọjá, Túndé wá kí mi bó ṣe máa ń ṣe, mo sì din ẹyin, mo fi àlùbọ́sà sí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, orí rẹ̀ ti pá, ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti kékeré ni mo ti ń jẹ́ bàbá nínú ilé wa, mo gba gbogbo ìbínú Màmá sára. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ, ẹ̀yin ni wọ́n rán lọ wo ìta." Mo gbójú sókè. Mo mọ ojú tó fi ń wò mí yẹn. Èmi ni mo ni ojú yẹn tẹ́lẹ̀.

Ọmọdé tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Muṣin ì bá jó yí agbolé ká lọ́jọ́ náà. Èmi gé ẹyin náà sí méjì, mo gbé abọ́ síwájú àbúrò mi, mo ní, "Ọkọ Màmá, ẹ jẹun." Èyí tó tóbi ti wà lẹ́nu mi.