Mẹ́dàlì Tí Mo Ní Ó Bọ́ Sínú Odò Ọya

Ẹ̀gbọ́n mi Dáníẹ́lì, ẹ lọ kí n tó jẹ́wọ́. Mẹ́dàlì tí mo ní ó bọ́ sínú odò Ọya kò bọ́ sómi rí. Ilé mi ló wà láti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọba, èmi tíṣà, a jọ ń gbé ẹsẹ̀ Òkè Pátì ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí àwọn ẹlòmíràn ń du àga àti fìríìjì wọn, mẹ́dàlì ni ẹ̀yin ń bèèrè, idẹ pẹlẹbẹ àtijọ́ tí wọ́n da ojú àwọn ọ̀gágun sí lára. Ìka lásán lẹ fi ń mọ èyí tí wọ́n fi iná yọ́ dà yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá a máa wá láti Kàdúná wá bi ẹ̀yin, akọ̀wé ará Ìyàgbà, léèrè pé ojú ta ni àwọn ń wò. Orí mi a sì máa wú.

Mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀ rí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọ̀gágun yín ti jẹun?” Ẹ ní, “Wọ́n ti jẹun, tíṣà. Ìwọ nìkan ni ebi ń pa nínú wa.”

Lọ́jọ́ kan, ẹ yá mi ọ̀kan kí n fi han kíláàsì mi: ọ̀gágun onírùngbọ̀n kan, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Nílé tiwa, ẹni tó bá yá abọ́ idẹ kì í dá a padà láìfọ̀. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán yinrin. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń gbé e bọ̀. Ẹnu ọ̀nà yín ni mo dé tí mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún àlejò kan nípa mẹ́dàlì mìíràn pé, “Dúdú yìí ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ kúrò, kò lè dá a padà láyé.”

Mo yára fi tọwọ́ mi sínú àpò. Mo sọ fún yín pé ó bọ́ sómi nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ ní, “Ìwọ fúnra rẹ ò ṣáà bọ́ sómi. Jókòó, jẹun.” Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ tún yá mi òmíràn, kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi.

Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo kàwé, n kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun kan wà tí n kò mọ̀. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí yín, ẹ kò fi òmíràn dí i títí ẹ fi lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo fi í lé Fúnmiláyọ̀, àkọ́bí yín, lọ́wọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹrù yín ti pé.

Àbúrò yín, Sámúẹ́lì