Larkin Ni Akínọlá Ń Gbé

Bí ẹ bá dé àárín àwọn ọmọ Yorùbá ní Richardson, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà, tí ẹ dárúkọ Enoch Akínọlá, kí wọ́n tó ráyè sọ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹnì kan á ti máa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ pátákó ló sì máa kọ́kọ́ sọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sọ, oníkálukú pẹ̀lú iyọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn Wúrà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, torí òun ló gbé ike ọ̀dà dání.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Wúrà nígbà náà. Ní Sátidé kan, bàbá rẹ̀ ní kó wọ bàtà, àwọn ń lọ sílé. Ilé tó ń wí yìí kì í ṣe apartment wọn ní Richardson, kì í sì í ṣe Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí bàbá náà sí. Larkin ni, ìlú kékeré kan tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ sí ìlà-oòrùn Dallas, níbi tí Akínọlá ti kàwé nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dé ààlà ìlú, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tú àkàbà tó so mọ́ orí mọ́tò, ó sì gùn ún níwájú pátákó aláwọ̀ ewé tí ìjọba kọ orúkọ ìlú àti iye èèyàn ibẹ̀ sí. Ó kà á sókè: 8,412. Ó mi orí. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun, ó sì sọ 2 tó gbẹ̀yìn di 5.

Ó ṣàlàyé fún Wúrà pé èèyàn mẹ́ta ni wọ́n gbàgbé: òun fúnra òun, ìyá rẹ̀, àti Wúrà. Ìlú tó bá fẹ́ dàgbà, ó ní, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ iye ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí ọlọ́pàá fi dé. Kò bínú, ó kàn jọ ẹni tó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Ó gba láísẹ́ǹsì Akínọlá, ó wò ó, ó ní Richardson ni wọ́n kọ síbí, kí ló wá kan ọ̀gbẹ́ni pẹ̀lú iye èèyàn Larkin.

"Richardson ni mo ti ń sùn," ni Akínọlá dá a lóhùn láti orí àkàbà. "Ẹ ò tíì bi mí níbi tí mò ń gbé."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọlọ́pàá bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Akínọlá ní òun gbà pé òun ṣẹ̀, kí wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn fóun, ṣùgbọ́n níbi tí ìwé ti ń béèrè ibùgbé, àfi kí wọ́n kọ Larkin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò sọ̀ kalẹ̀. Ebi ló borí ọlọ́pàá. Ó kọ Larkin.

Adájọ́ ní kó wá fọ ọ̀dà náà kúrò. Akínọlá wá pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì bá pátákó náà sọ̀rọ̀ pé kó máà bínú. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wá di ohun ọ̀ṣọ́. Ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ pálọ̀, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó òun àti Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mosúnmọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọkọ òun ti délé ẹjọ́ rí, máa ń fi kàlẹ́ńdà bò ó bí àlejò bá ń bọ̀. Àlejò á jókòó tán, Akínọlá á dìde, á ṣí kàlẹ́ńdà náà bí ẹni ṣí aṣọ lójú ìyàwó.

Ẹ má pè é ní wèrè o. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ọjọ́ tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, ni bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ ní Larkin pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti sálúbàtà. Ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kó wá pàdé rẹ̀ ò rọ́nà wá. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ tó wà létí ibùdókọ̀, Stella lorúkọ rẹ̀, ló rí i láti ojú fèrèsé. Ó fà á wọlé, ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná síwájú rẹ̀, ó sì lọ sílé lọ mú kóòtù bàbá rẹ̀ tó ti kú wá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kóòtù náà balẹ̀. Akínọlá wọ̀ ọ́ fún ìgbà òtútù mẹ́rin.

Ó máa ń sọ ọ́ pé, "Ìsẹ́yìn bí mi, mi ò ṣe wàhálà kankan níbẹ̀. Larkin ló rí mi, tó sì mú mi." Bó bá ti dé ibí yìí, á wú ikọ́ díẹ̀. Wúrà gbọ́ ìtàn náà títí tó fi mọ ibi tí ikọ́ wà.

Kò tó fún un kó fẹ́ràn ìlú náà lóun nìkan. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, bí ọmọ ìlú kan bá ti pé mẹ́ta lẹ́yìn odi, ẹgbẹ́ ló kàn. Akínọlá dá Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú Larkin sílẹ̀, Ẹ̀ka ti Dallas, kò sì sí ẹ̀ka mìíràn láyé yìí. Òun ni ààrẹ. Mosúnmọ́lá di akápò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Wúrà ni aṣojú àwọn ọ̀dọ́. Adéníjì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni akọ̀wé, ará Gánà kan sì wà níbẹ̀ tó rò pé ìpàdé àdúrà ni, tí ojú wá ń tì í láti jáde. Ohun kan náà ni wọ́n ń jíròrò lóṣooṣù: ọ̀nà tí ọrọ̀ ajé Larkin yóò gbà gbèrú. Akínọlá á ka ohun tí ìlú náà ní lé wọn létí, ilẹ̀ tó gbòòrò, omi, ojú irin, àti àwọn ọmọ tó mọ̀wé tí wọ́n ń kó ìmọ̀ wọn sálọ sí Dallas lọ́dọọdún nítorí pé kò síṣẹ́. Èyí ló ń dùn ún jù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bí wọn, ó ní, ẹlòmíì ń fi wọ́n ṣe ọmọ.

Adéníjì ni kì í gbà fún un. Ó ti kọ́lé sí Forney, ìlú kan lójú ọ̀nà Larkin, ó sì ń fi Forney yangàn bí ẹni pé òun ló bí i. Ọjọ́ kan ó ní bí èèyàn bá sùn ní Forney tó jí, àdúgbò tuntun á ti yọ.

"Olú náà ń yọ bẹ́ẹ̀," ni Akínọlá wí. "Ilé ìwé gíga yín dà?"

Adéníjì bínú dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ òórùn mọ́ínmọ́ín Mosúnmọ́lá, ó sì padà wá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé parí.

Wàhídì ni ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ níyà jù. Ọmọ Ìlọrin ni, ó jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Coppell tí wọ́n ń kó ohun èlò ilé ìwòsàn sí. Akínọlá ní kó wá bá òun jẹun ọ̀sán. Wọ́n bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ freeway, wọ́n kọjá Mesquite, wọ́n kọjá Forney, Wàhídì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà ẹ̀rọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n pé ṣé kò sí ìṣòro. Pápá kan ní Larkin ni wọ́n sọ̀ sí. Akínọlá fi ìka tọ́ka ibi tí géètì ilé ìkẹ́rùsí tuntun máa wà àti ibi tí ọkọ̀ ẹrù á ti máa yí. Ó wá nawọ́ sí màlúù kan tó dúró láàárín koríko, ó ní ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ́fíìsì Wàhídì. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Màlúù náà ò kúrò lójú kan, oúnjẹ tí wọ́n sì ń wí ò kọjá páyì kan tí Stella gbé fún wọn lọ́nà.

Wàhídì fi ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri Dallas fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹta, ilé iṣẹ́ wọn ń wá ilẹ̀ tó gbòòrò tí kò jìnnà sí freeway, ibi tí èèyàn ti lè rí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà gbà síṣẹ́. Wàhídì ronú títí, màlúù yẹn nìkan ló ń wá sí i lọ́kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n wá kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun sí; lónìí, èèyàn mẹ́tàlélógójì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Akínọlá pe gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà wọn. Adéníjì bi í lórí fóònù pé ṣé mẹ́tàlélógójì péré ló ń pariwo lé lórí. Akínọlá ní Dallas náà, mélòó ló fi bẹ̀rẹ̀?

Gbogbo èyí pa Wúrà lẹ́rìn-ín nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Larkin gbà á, yunifásítì ńlá kan ní Austin náà gbà á. Bàbá rẹ̀ ti ra fìlà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ fún un. Ní ìdí tábìlì oúnjẹ, Wúrà ò gbójú sókè. "Daddy, nobody even knows where that place is," ló wí.

Wọ́n retí kí Akínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Omi ló bu mu. Nígbà tó tó àkókò, òun fúnra rẹ̀ ló wà á lọ sí Austin, tó gbé fíríìjì kékeré lé orí gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Nígbà tó ń lọ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ìlú yìí náà dáa." Ká ní ó jà ni, Wúrà ì bá ti gbàgbé. Gbólóhùn yẹn ló ń gún un láyà títí dòní.

Oṣù kẹta tó kọjá ni Akínọlá kú. Ó sùn ní Richardson, níbi tó ti máa ń sùn, kò sì jí mọ́. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé Larkin ni kí wọ́n sin òun sí. Àwọn ẹbí ní Ìsẹ́yìn gbà lórí fóònù. Mosúnmọ́lá ní ohun tí Wúrà bá rí ṣe ni. Wúrà búra fún ara rẹ̀ pé òun á ṣe é. Ó ti kẹ̀yìn sí Larkin bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Stella ló ń tọ́jú ìwé itẹ́ òkú Larkin báyìí, ó ti di ìyá àgbà tó ń lo gíláàsì ojú. Ó dì mọ́ Wúrà, ó sunkún, ó wá ṣí ìwé òfin. Ẹni tó bá gbé ìlú náà rí nìkan ni wọ́n ń sin síbẹ̀, ìwé ìjọba ìlú sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Wúrà ní ọdún mẹ́rin tó fi kàwé ńkọ́? Wọn kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn, ni Stella wí, torí wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ. Wúrà ro ẹjọ́ ẹgbẹ́, ó ro ti ilé ìkẹ́rùsí. Stella ní òun mọ̀, ọkàn òun gan-an wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin ló wà nínú ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú, kì í ṣe òun nìkan. Kó ṣáà lọ wá ìwé kan wá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Wúrà fi tú àpótí. Láísẹ́ǹsì, Richardson. Ìwé owó orí, Richardson. Ìwé báńkì, ìwé mọ́tò, ìwé ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ Richardson. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ láàárín ìwé, ó ń rò ó bí òun ṣe máa sin bàbá òun sí Richardson, ibi tó kàn ti ń sùn, títí láé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ wá bá wọn kẹ́dùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mosúnmọ́lá jáde láti wá tún pálọ̀ ṣe, ó gbálẹ̀, ó to àga, ó sì mú kàlẹ́ńdà, ó nawọ́ láti fi bo tíkẹ́ẹ̀tì ara ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Wúrà," ó ní, "dìde wá wo nǹkan yìí."

Nígbà tí Wúrà gbé férémù náà ka orí tábìlì Stella lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà náà sún gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó wo òǹtẹ̀ ìlú. Ó wo ibi tí wọ́n kọ ibùgbé sí. Ó wá wo orúkọ ọlọ́pàá tó fọwọ́ sí i, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

"Ọkọ mi ló kọ ọ́," ó ní. "Ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tutù. Ó ní òun pàdé ọkùnrin kan lórí àkàbà tí òun ò lè borí."

Ọkọ náà ti wà ní itẹ́ òkú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Stella ṣí ìwé ńlá, ó kọ Enoch Akínọlá, ó sì kọ Larkin síwájú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e wá síbẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè parí ọ̀rọ̀ wọn.

Ọjọ́ ìsìnkú, mọ́tò mọ́kànlélógún ló wá láti Dallas. Wàhídì ti ilé ìkẹ́rùsí pa fún wákàtí méjì, àwọn mẹ́tàlélógójì rẹ̀ wá dúró ní ìlà kan. Nígbà tí wọ́n bu erùpẹ̀ tán, Stella kọjú sí àwọn ará Dallas, ó ní ọ̀nà àlejò jìn, kí wọ́n wá jẹun kí wọ́n tó padà. Àlejò ni gbogbo wọn lóòótọ́. Ẹni tó ni ìlú ti wọlé lọ sùn.

Wúrà ló wa ìyá rẹ̀ àti Adéníjì padà. Wọ́n yà ra epo mọ́tò ní Forney, Wúrà sì wọlé lọ ra omi fún ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó rí aṣọ dúdú wọn, ó rọra béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

"Larkin," ni Wúrà dá a lóhùn. "Ìlú wa ni."

Ọmọbìnrin náà ní òun ò mọ ibẹ̀. Adéníjì wà lẹ́yìn Wúrà, lórí ilẹ̀ Forney tirẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó sún mọ́ káńtà.

"Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀," ó ní. "Jókòó, kí n sọ fún ọ."