Báńdéèjì Láìsí Egbò

Olójúṣe ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi bú u o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ra orúkọ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè dá sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìbáà jẹ́ ti omi ẹ̀rọ tí kò yọ, ìbáà jẹ́ ti ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tí kò ní na ìka sókè kó ní, "Ojúṣe. Gbogbo ẹ̀, ojúṣe ni. Kálukú ni kó mọ ojúṣe ẹ̀." Bó bá ti sọ ọ́ tán, á wá fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Akọ ajá àti akọ ẹlẹ́dẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lọ́dàá. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń fo ògiri kiri nítorí abo, ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ òun sanra kó yé jà, ọ̀dọ̀ Olójúṣe ni wọ́n ń mú un bọ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ibi iṣẹ́: pèpéle símẹ́ńtì kan lábẹ́ páànù, sítóòfù kan tí ìkòkò abẹ máa ń hó lórí rẹ̀, ike omi apakòkòrò kan, àti ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó yìí gan-an niṣẹ́. Òun ló ń se abẹ. Òun ló ń fi okùn di ẹnu ajá, òun ló ń dì í lẹ́sẹ̀ mú, òun náà ló ń nu egbò títí tó fi máa jinná. Tọkọ ò pẹ́ ju kéèyàn sín ẹ̀ẹ̀mejì lọ: ó ti ge é, ó ti so ó, ó ti ń wo ojú oníbàárà pé kó yin òun. "Kò dùn ún," ló máa ń sọ, bó ṣe ń fi aṣọ nu abẹ. "Ẹranko ò mọ̀ ọ́n lára. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jẹun." Ìyàwó tó di ẹsẹ̀ mú á wo ojú ajá. Ojú ajá ti sọ òótọ́.

"Ẹni tí kò bá fẹ́ ọmọ ajá nílé," Olójúṣe á tún fi kún un, "kó má dúró dìgbà tí abo bá lóyún. Dídènà ni ojúṣe."

Ó mọ̀ ọ́n fún ajá.

Lọ́dún tó kọjá, ìròyìn jà kálẹ̀ pé ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ irun lójú títì wọn ṣẹ́yún. Ọmọ náà ò tíì gbádùn tán, ó ṣì ń fọwọ́ di ikùn rìn, tí àwọn ará orí bẹ́ǹṣì ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun. Olójúṣe ní àánú wo. Ó ní ìpànìyàn ni. Ó ní ẹni tó bá gbójú láti ṣe é, kó gbójú láti gbé e. Ó ní kí ọ̀gá ọmọ náà lé e kó má ba àwọn tó kù jẹ́. Ọ̀gá sì lé e, ó fi í sílé fún oṣù kan gbáko kó tó gbà á padà. Gbogbo àgbà tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ kan tó béèrè ẹni tó fún un lóyún. Bóyá wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ni.

Nílé Olójúṣe ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wọlé.

Ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni gbogbo ilé ń pè ní Ìṣọ́ra, bí orúkọ náà sì ṣe wáyé rèé. Lẹ́yìn ọmọ kejì, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Wọ́n fún un ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ̀jẹ̀ tún ru sí i. Wọ́n yí i sí abẹ́rẹ́, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fi lúùpù sí i nílé ọmọ, kò bá a lára mu. Nọ́ọ̀sì ní ó ku rọ́bà, kí ọkọ máa lò ó. Olójúṣe rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn," ó ní, "ta ní ń wọ bàtà wẹ̀?" Ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun á máa ṣọ́ra. Ó ṣọ́ra, ó ṣọ́ra, ìṣọ́ra ọ̀hún ló ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta yìí, tó ń fa ajá nírù káàkiri ẹ̀yìnkùlé.

Ìbí Ìṣọ́ra ló kù díẹ̀ kó gbé ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n là á, ẹ̀jẹ̀ dà bí omi. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, dókítà fa àga tì í. "Ìyá, mi ò ní tàn yín," ó ní. "Òmíràn lè pa yín. Mi ò sì fẹ́ tún ṣí ikùn yìí láti dí ọ̀nà ọmọ, ẹ̀jẹ̀ yín ò gbà á. Ti ọkọ yín ló rọrùn jù." Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà fún ọkùnrin. Wọn ò ní yọ nǹkan kan. Ọ̀nà tí ohun tó ń di ọmọ ń gbà kọjá ni wọn á so. Gbogbo nǹkan á wà bó ṣe wà, kò kàn ní lè fúnni lóyún mọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ṣe é. Ó bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ebi ń pa á, ó bẹ̀ ẹ́ nígbà tó yó.

"O fẹ́ sọ mí di ọ̀dá?"

"Bàbá wọn, wọn ò ní yọ nǹkan kan."

"Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wàá kọ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kì í dun ajá."

"Ajá ni mí?"

Ìdáhùn tó wà lẹ́nu ìyàwó ò ṣeé fi bá ọkọ sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ títì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìfètòsọ́mọbíbí, kó sì máa fún wọn ní rọ́bà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pe ìpàdé àdúgbò lé e lórí, àríyànjiyàn sì gbóná. Àwọn kan ní á dín ìṣẹ́yún kù. Àwọn kan ní ìṣekúṣe ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Olójúṣe dìde, ó fa ẹ̀wù wálẹ̀.

"Ẹ má fi rọ́bà dípò ojúṣe," ó ní. "Àwọn ọmọbìnrin ìsinsìnyí, wọ́n fẹ́ jẹ iyọ̀, wọn ò fẹ́ mu omi. Kí kálukú gbé ẹrù ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n pè wá, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi," ó ní. "A ní tàwọn ọkùnrin náà, iṣẹ́ abẹ kékeré kan. Ní Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ń wá fún un. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin kan ṣoṣo ò tíì wá. Ṣé ká máa retí yín?"

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé Ìṣọ́ra lé itan. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì ti yíjú sí Olójúṣe, wọ́n ń yín eyín.

"Èmi?" Olójúṣe ní. "Ẹ máa retí mi. Kẹ́ ẹ pọ́n abẹ yín dáadáa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ ní ọkùnrin mẹ́ta ni. Ìyàwó fi etí aṣọ nu ojú, ó gbé orí lé orí ọmọ rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta ó mí délẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Olójúṣe wẹ̀, ó dé fìlà tuntun aláwọ̀ ewé kan, ó sì ní kí ìyàwó má tẹ̀ lé òun, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi dé, ó ń rìn bí ẹni tó há garawa omi sáàárín itan. Fìlà ò sí lórí. Ta ní ń rántí fìlà?

Ẹ wá wo ìkẹ́. Ìyàwó fi ìrọ̀rí méjì sí i lẹ́yìn, ó pa adìyẹ, ó lé àwọn ọmọ síta kí bàbá wọn lè sinmi. Onígbàjámọ̀ gbé ẹlẹ́rìndòdò páálí kan wá. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì ń wá kí i bí ẹni tó ti ogun dé, òun náà sì ń ròyìn ogun. Ó ní òun ò ṣẹ́jú. Ó ní nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kìíní, abẹ tí wọ́n fi ṣe é gùn tó ìka. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó ti tó apá.

Iṣẹ́ wá kù sọ́rùn ìyàwó. Oníbàárà kan fa ajá rẹ̀ dé, ó ní òun ò lè dá a padà. "Ìyá wọn, ẹ kúkú ṣe é. Ṣebí ìṣojú yín ló ti ń ṣẹlẹ̀." Ó pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́. Lórí èkejì, kò pẹ́ ju kéèyàn sín ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àmọ́ ojú tó ti wo egbò fún ọdún mẹ́wàá ò ṣeé bò. Ó ní òun á pààrọ̀ báńdéèjì fún ọkọ òun. Ọkọ ní nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u. Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Ta ló ń tú u fún gbogbo ajá àdúgbò? Nígbà tí Olójúṣe nà gbalaja lórí àga, etí báńdéèjì yọ: funfun báláú bíi pé inú ọ̀rá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò ní àbààwọ́n oògùn, kò ní òórùn. Ajá tí wọ́n bá gé kì í fi gbogbo ìdí jókòó. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbé ara lé. Olójúṣe jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó bá ti gbọ́ ìró bàtà ni ẹsẹ̀ á tún yà.

Ìyàwó ń sọ fún ara rẹ̀ pé èèyàn kì í ṣe ajá. Ó ń gbà á gbọ́ tipátipá, bí ẹni tó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kò gbà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Olójúṣe pè é, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ìyá wọn, ó ti tán o. Ọ̀nà ti dí pa. Kó ẹrù ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì."

"Kó o bi í ní kí ni? Ṣé mo ti tàn ọ́ rí ni?"

Ìyàwó wo Ìṣọ́ra tó sùn sórí ẹní. "Màá lọ láàárọ̀," ó ní.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ó bọ́ awò ojú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó dákẹ́.

"Ìyá, ẹ jókòó. Ẹni tó ṣe é gan-an, ó máa dúró bí oṣù mẹ́ta, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó ní ó ti tán. Ọkọ yín ò ṣe nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ tí a fẹ́ fi pa ibẹ̀ kú kó má bàa dùn ún ló rí. Ó ní òun fẹ́ tọ̀. A dúró, a dúró. Fèrèsé ló gbà lọ, ó sì mú báńdéèjì wa dání." Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó yọ fìlà aláwọ̀ ewé kan jáde.

Ìyàwó gba fìlà. Ẹkún ò wá. Ohun tó wá ni ìríra, ó tutù minimini nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù tí ọkọ rẹ̀ bà ló dùn ún. Ẹ̀rù ò ṣèèwọ̀. Òun náà ti bẹ̀rù lórí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí fèrèsé kankan gbà jáde. Ohun tó dùn ún ni pé ọkùnrin yìí mọ̀ pé oyún mìíràn, ikú ni, ó sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ wá sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kò yà sílé. Lórí bẹ́ǹṣì, Olójúṣe ya ẹsẹ̀ gbàgà, ọ̀rọ̀ ń dà. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ irun ń gbé garawa omi kọjá lọ, Olójúṣe sì fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. "Ká ní irú àwọn wọ̀nyí mọ ojúṣe bíi tèmi ni..."

"Ẹ kú ìjókòó o," ìyàwó rẹ̀ ní. Ó kí wọn tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dé fìlà náà fún ọkọ rẹ̀, ó tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń tún tọkọ ìyàwó ṣe. "Bàbá wọn, ẹ gbàgbé fìlà yín. Nọ́ọ̀sì ní tẹ́ ẹ bá ti tọ̀ tán, kẹ́ ẹ padà wá. Wọ́n ṣì ń dúró."

Ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, kò gẹ nǹkan kan. "Tọ̀ níbo?" ó béèrè.

"Nílé ìwòsàn. Fèrèsé ló gbà jáde ní Ọjọ́bọ̀."

Ẹsẹ̀ Olójúṣe méjèèjì padé wẹ́rẹ́.

"Ẹlẹ́rìndòdò mi," onígbàjámọ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Páálí kan odidi."

Ọmọbìnrin náà gbé garawa kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Olójúṣe bí ẹni tó ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ bàtà, ó gbé garawa rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ bá ń retí pé Olójúṣe padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ò tíì mọ irú wọn. Pálọ̀ ló ń sùn báyìí, òun àti Ìṣọ́ra, ìyàwó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá. Olójúṣe ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ti rí òmíràn ní títì kejì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń dá sí níbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ti rí ọwọ́ ìyàwó ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan fa ajá gìrìwò kan wá, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí. "Ṣé kò ní dùn ún?" ó béèrè.

Olójúṣe, tó ti kúnlẹ̀ ti pèpéle, la ẹnu bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Á dùn ún," ìyàwó ní, ó ń yọ abẹ nínú omi gbígbóná. "Díẹ̀. Á sì jinná." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ dì í lẹ́sẹ̀ mú dáadáa."

Ó dì í mú.