Òòlù Lára Ògiri

Ẹ̀rọ kan ni ọmọ mi obìnrin fi ń jẹun ní Challenge, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń fi òwú ya ọnà sára aṣọ. Jórinjórin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, iná kan náà la jọ ń lò. Bó bá ti ń jórin báyìí, ẹ̀rọ á ta gìrì, á wá máa rán rádaràda.

Mo bá a sọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. A fẹnu kò pé kó tó jórin, kó fi òòlù lu ògiri, kí ọmọ mi yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára iná. Èmi tí mo fẹ̀yìn ti ògiri á ké pé, "Yọ ọ́ o!" Òun náà á ké láti ọ̀hún pé, "Màmá, ṣé ẹ ti yọ ọ́, àbí kí n jó o pọ̀ mọ́ géètì yìí?"

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó lọ sìnkú ní Moniya, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun jókòó ti iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí sọ ti òòlù fún ọ̀rẹ́ yìí. Bó ṣe dáná sí irin ni ẹ̀rọ dákẹ́, òórùn wáyà tó jó gba ilé. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti lọ.

Ọmọ mi ń bá ẹlòmíràn ránṣọ ní Àpáta báyìí. Èmi ni mo ń ta òwú tó ṣẹ́kù. Jórinjórin wa ti dé, ó ṣì ń lu ògiri. N kò lè sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú ìyá rẹ̀ pé ẹ̀rọ ti jó, kó má lù ú mọ́. Mo kàn ń dá a lóhùn pé, "A ti yọ ọ́ o."