Bàbà Gbòòrò Tó Fẹ́ Gba Kíóòsì Lọ́wọ́ Làmídì

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Dásà nígbà Rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà ìjọba àwọn ológun, nígbà tí gbogbo wa di kámáráàdì, títí kan àwọn tí kì í dá wa lóhùn tẹ́lẹ̀ bí a bá kí wọn.

Làálì, tìróò àti kútẹ́ẹ̀sì ni èmi Ìyá Ráfíátù ń tà lọ́jà. Kútẹ́ẹ̀sì yìí ni àwọn ará ilé-ìwé ń pè ní fẹ̀ríní. Ẹni tó ń ra èyí tó pupa jù lọ́wọ́ mi kì í ṣe obìnrin o. Làmídì tó ń tún rédíò ṣe ni. Kò níyàwó, kò sì ní àfẹ́sọ́nà tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èékánná ta ló wá ń kùn? Ẹ kúkú mọ ọjà. Wọ́n ti fi ẹnu lásán fún un níyàwó kan ní Tré àti òmíràn ní Kpingni kó tó dé ìdí ìsọ̀ mi padà.

Èmi ni mo bi í léèrè. Kò bínú. Ó ní kí n wá wò ó ní kíóòsì òun, ìsọ̀ kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó fẹ̀ tó àtẹ mi, tí wọ́n fi bàbà bò lójú kan. Làmídì ní ibi tí òun bá fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ni bàbà yóò kù sí; ibi tí òun kò bá kùn, omi olóró kan ni yóò jẹ ẹ́ kúrò. Bàbà tó bá kù ni iná yóò máa gbà kọjá, bí èèyàn ṣe ń gba ọ̀nà oko.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti kòmítéè Rẹfolúsíọ̀n ìlú wa ló ń ṣe. Ti àtijọ́ ti jó, aṣojú ìjọba tí à ń pè ní délégéè sì ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ ní pápá ìsàlẹ̀ òkè. Kòmítéè ti kìlọ̀ fún Làmídì pé bí ẹ̀rọ bá yadi lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò gba kíóòsì. Làmídì yóò padà sí abúlé rẹ̀ ní Gbaffo lọ kọ ebè iṣu. Ọkùnrin yìí àti ọkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ̀ mí kí n bá òun kùn ún, torí ó ti rí bí mo ṣe ń lé làálì sẹ́sẹ̀ ìyàwó. Mo jókòó. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ò yọ mí lẹ́nu. Ó wá ní gbogbo àyè gbòòrò tó ṣẹ́kù, kí n kùn ún pátá, kí bàbà ibẹ̀ wà lódidi. Ó ní èyí tí òun kọ́kọ́ ṣe, òun jẹ́ kí omi jẹ gbogbo ibẹ̀: omi olóró náà tán, ẹ̀rọ sì ń hùn bí agbọ́n. Bàbà gbòòrò ni yóò gbé ariwo náà mì. Mo ní ó dáa, bàbà yìí jọ olóyè tó dá gba bẹ́ǹṣì.

Omi jẹ tirẹ̀, ó ku tiwa. Làmídì ha kútẹ́ẹ̀sì kúrò níbi tí wáyà yóò dúró sí, ó gbé irin gbígbóná, ó fẹ́ fi òjé lẹ wáyà. Lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, òjé mú. Lórí bàbà gbòòrò, kò mú! Ó kàn kó jọ bí omi orí ewé kókò. Fọwọ́ kàn án báyìí, ó ṣí.

Làmídì bú irin. Ó bú òjé. Ó bú ẹni tó ta òjé fún un ní Bohicon. Nígbà tí àwọn tí kò sí níbẹ̀ tán, ó yíjú sí mi, ó ní kútẹ́ẹ̀sì mi ni kò kúrò dáadáa. Mo gba abẹ, mo ha ojú ibẹ̀ títí ó fi ń dán bí eyín wúrà Àlájà. Kò mú.

Mo ní, "Làmídì, ọkọ́ ń pè ọ́ o."

Ó fẹ́ gbé pákó náà sọnù, ló bá di etí rẹ̀ mú, níbi tó jìnnà sí ojú irin. Ó dúró. Ibẹ̀ náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó pè mí, ó ní, "Ìyá Ráfíátù, ẹ ò rí nǹkan? Ẹnu kan ni mo ń fún lóúnjẹ, gbogbo ìdílé ló ń bá a jẹ ẹ́."

Ooru tó yẹ kó yọ́ òjé lójú kan ni bàbà ń pín kiri! Ó gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó gé bàbà yí ibi tí wáyà yóò dúró sí ká, ó fi afárá tíntìntín mélòó kan sílẹ̀ kí ó má baà já kúrò lára ẹbí. Ó gbé irin lé e. Òjé yọ́, ó tẹ́, ó mú. Ó ṣe gbogbo ìyókù bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ohùn délégéè jáde ketekete. Ó bi wá bóyá a ti múra fún Rẹfolúsíọ̀n. A dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé ìjàkadì ń bá a lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn nǹkan fáàrí tó ń ba orílẹ̀-èdè jẹ́: wíìgì, pàǹkéèkì, kútẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rọ wa sì gbé e dé orí òkè! Mo rọra fi ìka mi pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Ìpàdé tú. Ọ̀gá kòmítéè ní kí Làmídì ṣí ẹ̀rọ náà kí òun wo inú rẹ̀. Ibi tí a lẹ wáyà sí nìkan la ha. Làmídì ti ní kí kútẹ́ẹ̀sì ìyókù máa dáàbò bo bàbà, ó sì pupa bí ìka ìyàwó tuntun. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó bi í pé kí lèyí tó pupa.

Làmídì ò ṣẹ́jú. "Àwọ̀ Rẹfolúsíọ̀n ni, kámáráàdì."

Ọ̀gá dìde. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní kíóòsì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: bí ohun kan bá gbòòrò jù, bí o dáná sí i látàárọ̀, kò níí gbóná níbi tí o fẹ́. Ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n má gé e kúrò. Mo ti lò ó fún ẹbí ọkọ mi. Ẹnì kan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ mi. Ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù ní wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti dáná sí títí tí kò gbóná? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí a jọ fi yín rẹ́rìn-ín.